Ohun Tí Ogun Ń Gbà Lọ́wọ́ Ẹni Tí Kò Gbé Ìbọn

Alága àpérò wa, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fi iṣẹ́ oòjọ́ yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú sùúrù. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kí n tó lanu, nítorí ọ̀rọ̀ ogun wúwo, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ọ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Bí ìròyìn ogun bá dé, kí ni wọ́n máa ń sọ ṣáájú? Iye òkú ni. Wọ́n á ní ọmọ ogun báyìí ló kú, wọ́n á ní ìlú báyìí ni wọ́n gbà, wọ́n á sọ ẹni tó ń borí. A ó gbọ́, a ó mirí, a ó ní ó mà ṣe o, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni mo gbé wá fún yín lónìí. Iye òkú tí wọ́n ń kà fún wa lórí rédíò, òun ló kéré jù nínú ohun tí ogun ń gbà. Èyí tó pọ̀ jù, ọwọ́ ẹni tí kò gbé ìbọn ni ogun ti ń gbà á: ọwọ́ ìyá tó ń se oúnjẹ àárọ̀, ọwọ́ ọmọ iléèwé, ọwọ́ àgbẹ̀, ọwọ́ arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn. Tiwọn kì í sí nínú iye tí wọ́n ń kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí á jọ kà á díẹ̀ lónìí, bí agbára wa bá ti mọ.

Ebi

Ibi ebi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀gágun ayé ti mọ èyí. Wọ́n mọ̀ pé kò dìgbà tí wọ́n bá wọ ìlú kí wọ́n tó pa ará ìlú. Wọ́n á dí ọ̀nà, wọ́n á ká ìlú mọ́, wọ́n á sì jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Leningrad ní Rọ́ṣíà, ìlú tí wọ́n ń pè ní St. Petersburg lónìí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà orí ilẹ̀ tó kẹ́yìn tó wọ ìlú náà. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1944 ni ìlú náà tó bọ́ pátápátá. Ọjọ́ 872 nìyẹn. Ní oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejìlá ọdún 1941, búrẹ́dì tí wọ́n ń pín fún ọmọdé àti fún arúgbó kò ju gíráàmù 125 lọ lójúmọ́. Ẹ na ọwọ́ yín, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́. Kò kún un. Kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun nìkan ló wà nínú búrẹ́dì ọ̀hún, nítorí wọ́n ti po ohun tí wọ́n rí lára igi mọ́ ọn kí ó lè pọ̀. Òtútù yìnyín wà níta, iná kò sí, omi kò yọ nínú ẹ̀rọ. Iye tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ń sọ pé ó kú láàárín ìlú náà wà láàárín 800,000 sí mílíọ̀nù kan, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù.

Mo mọ̀ pé iye tó tóbi báyẹn kì í dúró nínú ọkàn. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan ṣoṣo fún yín.

Tanya Savicheva lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ogun ká wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Nina, ní ìwé pélébé kan, irú èyí tí a máa ń kọ àdírẹ́sì àwọn ojúlùmọ̀ sí, tí álífábẹ́ẹ̀tì wà létí ojú ewé rẹ̀. Nígbà ogun náà, Nina pàápàá jáde nílé lọ́jọ́ kan, kò padà wá, gbogbo ilé sì gbà pé ó ti kú. Ìwé yìí ni Tanya mú. Bí ẹnì kan bá ti kú nínú ilé wọn, á ṣí ojú ewé tó ní lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ onítọ̀hún, á sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀. Zhenya ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1941. Ìyá àgbà, ọjọ́ 25 oṣù Kìíní, agogo mẹ́ta. Lyoka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, oṣù Kẹta. Arákùnrin bàbá rẹ̀ kan ní oṣù Kẹrin, èkejì ní oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣí ojú ewé tí lẹ́tà ìyá rẹ̀ wà. Màmá, ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1942, agogo méje ààbọ̀ òwúrọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ló ń wo agogo kí ó lè kọ wákàtí tí ìyá rẹ̀ mí kẹ́yìn. Ohun tó wá kọ sí àwọn ojú ewé tó kù ni pé ìdílé Savichev ti kú, gbogbo wọn ti kú, Tanya nìkan ló kù.

Wọ́n gbé Tanya jáde kúrò ní ìlú náà lọ́dún yẹn kan náà, ṣùgbọ́n ebi ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1944. Ẹ wá gbọ́ o: Nina kò kú. Ńṣe ni wọ́n kó òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní ìlú lójijì, kò sì ráyè ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀gbọ́n Tanya kan tó ń jẹ́ Mikhail náà yè. Tanya kò mọ̀. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun nìkan ló kù láyé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìyẹn. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967, ó parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Wọ́n dí ojú òkun, wọ́n dí ojú ọ̀nà, oúnjẹ kò wọlé sí Biafra mọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú níkùn, ẹsẹ̀ ń wú, irun orí ń pọ́n. Ẹni tó bá dàgbà tó láàárín wa kò lè gbàgbé àwòrán wọn. Àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ ló fa àrùn yẹn. Òru ni ọkọ̀ òfurufú àwọn ìjọ Kristẹni máa ń gbé oúnjẹ wá láti São Tomé sí pápákọ̀ Uli. Wọn kì í tan iná pápákọ̀ àyàfi bí bàálù bá ti fẹ́ balẹ̀, wọ́n á sì tún pa á kíá, kí bọ́ǹbù má bàa wá. Àwọn tó ṣírò iye òkú ogun náà kò fẹnu kò: àwọn kan ní 500,000, àwọn mìíràn ní ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé àwọn tí ebi àti àrùn pa pọ̀ fíìfíì ju àwọn tí ọta ìbọn bá lọ, àti pé ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà tí ìbọn wá dákẹ́ ńkọ́? Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú owó sí báńkì, tí owó náà sì ti di owó Biafra lọ́wọ́ rẹ̀, ogún pọ́ùn péré ni wọ́n kà fún un. Ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún pọ́ùn ló fi síbẹ̀, ogún pọ́ùn ni. Òwe wa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé ọba ni o. Ilé mẹ̀kúnnù tó bá jó, eérú ni ẹni tó ni ín ń bá níbẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Ogun Sùdáánì bẹ̀rẹ̀ ní Khartoum ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023, láàárín ológun ìjọba àti ẹgbẹ́ ológun RSF tí wọ́n ti jọ wà ní ipò àṣẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ká ìlú El Fasher mọ́ ní Darfur láti ọdún 2024, ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ níbẹ̀ ni ambaz, ìyẹn ìdọ̀tí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró inú rẹ̀ tán, tí wọ́n máa ń fún màlúù àti ewúrẹ́ jẹ. Ọdún 1941 kọ́ là ń sọ yìí o. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Sísá àsálà

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe tó dára ni, ó ń kọ́ wa ní ìmúrasílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ro òwe yìí títí, ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé arọ ogun òde òní gbọ́ ogun tẹ́lẹ̀, kò sì rí ẹni gbé e. Ta ló ń gbé arúgbó tí kò lè dìde lórí ibùsùn? Ta ló ń gbé aláboyún tó ti wọ oṣù ìbímọ? Ọmọ mẹ́rin ń bẹ lọ́dọ̀ obìnrin kan, ọwọ́ rẹ̀ méjì ni. Èwo ni yóò fà, èwo ni yóò pọ̀n, èwo ni yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn?

Ẹnì kan wà tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, tó fi ojú ara rẹ̀ rí èyí, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther ni. Orúkọ bíṣọ́ọ̀bù la mọ̀ ọ́n mọ́, orúkọ ẹni tó túmọ̀ Bíbélì. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé bíṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ká wo ọmọdé tí kò tíì ju bí ọdún mẹ́tàlá lọ, ní ìlú Òṣogùn, ní ọdún 1821. Òwúrọ̀ ni, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Àwọn obìnrin ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé ẹ̀yìn odi. Oúnjẹ wà lórí iná, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ sáré yọ sí wọn, ó ṣẹ́wọ́ pé kí wọ́n máa sá, ó sì padà lọ síbi ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí Àjàyí fojú kan bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ ọ́ pé àwọn obìnrin ń sá lọ nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún, ọmọ mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin, ọmọ mẹ́fà rọ̀ mọ́ wọn lápá, òmíràn wà lẹ́yìn, ẹrù wà lórí. Bí ìtàkùn bá ti kọ́ wọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti tú u, okùn ni wọ́n máa rí lọ́rùn ara wọn. Bí wọ́n ṣe mú Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ọmọ ènìyàn, ẹṣin kan. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gba wọ́n sílẹ̀ lórí omi ní 1822, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown.

Ọjọ́ wo ló tún rí ìyá rẹ̀? Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25 ti kọjá. Ara ìyá náà ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, omi ń dà lójú wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde. Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré kí i.

Ìtàn ayọ̀ ni a máa ń sọ ọ́. Ayọ̀ ni lóòótọ́, mi ò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ka ọdún 25 yẹn mọ́ ohun tí ogun Òṣogùn gbà? Àti àwọn ìyá tó kù ńkọ́, àwọn tí ọmọ tiwọn kò di bíṣọ́ọ̀bù, tí a kò sì gbọ́ orúkọ wọn rí?

Ní ìparí ọdún 2024, àjọ tó ń bójú tó àwọn asásálà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé àwọn tí ogun, inúnibíni àti rògbòdìyàn ti lé kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù 123. Ẹ jẹ́ kí n tún èrò kan ṣe tó wọ́pọ̀ láàárín wa. A máa ń rò pé ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ń sá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn kò kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn rárá, ìlú kejì ni wọ́n sá lọ. Àwọn tó sì kọjá ẹnubodè, ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí òun náà kò rí jẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Tálákà ló ń gba tálákà sílé. Chad ṣí ẹnubodè fún àwọn ará Sùdáánì, Chad náà kò sì ní tó.

Ọmọ tó nù

Èyí tí mo fẹ́ sọ wàyí ni kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa nígbà tí mo bá ń kà nípa ogun.

Ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń sọ ọ́ wéré. Srebrenica ni ibi tí mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìlú kékeré kan ni ní Bosnia. Ní ọdún 1993, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ibi ààbò ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbógun lọ síbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1995, àwọn ọmọ ogun ẹ̀yà Serb ilẹ̀ Bosnia wọ ibẹ̀. Wọ́n ya ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n ya obìnrin sọ́tọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti pa ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó ju 8,000 lọ, wọ́n sì dà wọ́n sínú kòtò.

Nígbà tí wọ́n rí i pé ayé máa gbọ́, wọ́n fi katapílà hú òkú náà, wọ́n kó wọn lọ tún sin síbòmíràn. Irin katapílà gé òkú sí wẹ́wẹ́. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé egungun ẹnì kan wà nínú kòtò méjì, mẹ́ta, tó jìnnà síra. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá àti àwọn àbúrò tó ṣẹ́ kù ni wọ́n gbà láti fi ṣe àyẹ̀wò DNA, kí wọ́n lè mọ egungun tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n bí. Wọ́n á wá pe ìyá kan pé a ti rí egungun itan ọmọ rẹ. Ṣé o fẹ́ sin ín, tàbí o fẹ́ dúró bóyá a ó tún rí òmíràn? Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, kí lẹ ó fèsì? Àwọn kan sin ohun tí wọ́n rí. Àwọn kan dúró fún ọdún gbọọrọ. Àwọn mìíràn sin ín, wọ́n tún wá pè wọ́n, wọ́n tún ṣí ibojì. Ọjọ́ 11 oṣù Keje lọ́dọọdún ni wọ́n ń sin àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní Potočari, itẹ́ òkú tó wà nítòsí Srebrenica. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá, wọn kò tíì rí gbogbo wọn.

Iye òkú wà nínú ìwé: 8,000 àti lé. Ta ló ka oorun tí ìyá kan kò rí sùn fún ọgbọ̀n ọdún?

Ohun tí wọ́n gbàgbé sínú ilẹ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Láti ọdún 1964 sí 1973, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù tó lé ní mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù sórí Laos ní Éṣíà. Nínú wọn ni bọ́ǹbù kéékèèké tó tó mílíọ̀nù 270 wà, èyí tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbá mú. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 80 nínú wọn kò bú nígbà náà. Wọ́n wà nínú ilẹ̀. Àgbẹ̀ ń roko, ọkọ́ bà á. Obìnrin dáná síta láti se oúnjẹ, ilẹ̀ abẹ́ iná gbóná, ó bú. Ọmọdé rí i, ó rò pé bọ́ọ̀lù ni. Láti ìgbà tí ogun ti parí, ó tó nǹkan bí 20,000 ènìyàn tó ti kú tàbí tó ti di aláàbọ̀ ara nípasẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò tíì bí nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù náà.

Inú máa ń bí mi nígbà tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ń fi fídíò ogun ṣe ìdárayá lórí fóònù, tó ń pariwo pé kí wọ́n fọ́ wọn, kí wọ́n pa wọ́n run. Mo fẹ́ràn ọ̀dọ́, ọmọ mi ni wọ́n, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ lójú wọn. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Èéfín tí o rí nínú fídíò yẹn, orí òrùlé ẹnì kan ló ti ń rú.

Òfin wà, ènìyàn náà wà

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé kò sí òfin ni? Òfin wà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1949, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn mẹ́rin ní Geneva, ìkẹrin sì wà fún ààbò ará ìlú. Ní 1977, wọ́n fi kún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ebi pa ará ìlú kí ó fi jagun. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò mú ẹni tó rú òfin, pàápàá bí ẹni náà bá ní ọ̀rẹ́ alágbára.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé mẹ̀kúnnù kò ní agbára kankan, mo sì ní ẹ̀rí. Ní ọdún 2003, ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Liberia run. Àwọn obìnrin Kristẹni àti Mùsùlùmí para pọ̀, Leymah Gbowee wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jókòó sójú pápá ní Monrovia lójoojúmọ́, nínú oòrùn, nínú òjò. Nígbà tí wọ́n gbé ìpàdé àlàáfíà lọ sí Ghana, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àwọn olórí ogun ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń bára wọn du ipò, bọ́ǹbù sì ń bọ́ sórí àwọn ará ilé ní Monrovia.

Ní oṣù Keje, àwọn obìnrin náà wọ ilé ìpàdé lọ. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán, wọ́n kọ́ apá mọ́ra, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde àfi tí wọ́n bá yanjú ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn aláàbò wá láti mú wọn, Gbowee dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa: kí ìyá tó bímọ bọ́ra síhòòhò lójú ọmọ. Àwọn aláàbò fà sẹ́yìn. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ti Nàìjíríà, tó ń ṣe alárinà, jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ tiwọn. Láti ọjọ́ náà ni ìwà àwọn olórí ogun ti yí padà nínú ìpàdé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn.

Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò ní ìbọn, wọn kò ní àga nínú gbọ̀ngán, orúkọ wọn kò sí nínú ìwé àwọn tí wọ́n pè sí ìpàdé. Ohun tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ ni ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn ṣe: ọmọ tó kú, ọmọ tó nù, ọmọ tí wọ́n fún ní ìbọn gbé, ebi ọdún mẹ́rìnlá.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún sùúrù yín. Alága ti sọ fún mi pé àwọn kan fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.